Omijé Tí Màdáámù Ń Dúró Dè

Ata ni èmi àti Fàúsátù fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀, torí àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹlòmíì rò pé Màdáámù Àjíṣafẹ́ ló dá a sílẹ̀. Irọ́ gbuu ni.

Ilé kan náà là ń gbé ní Ìgàndó, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ṣọ́jà ni ọkọ àwa méjèèjì. Ṣàíbù tirẹ̀ jẹ́ sájẹ́ntì, Báyọ̀ tèmi jẹ́ kọ́púrà, ogun Borno ló sì kó àwọn méjèèjì lọ. Ibùdó wọn ò pa pọ̀, nẹ́tíwọ̀kì ò sì sí nínú igbó tí wọ́n wà, nítorí náà oṣù kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí a tó gbọ́ ohùn wọn. Nígbà kan tí Ṣàíbù gba ààyè wálé, ó ní oúnjẹ ibẹ̀ ò dùn lẹ́nu rárá. Ni Fàúsátù bá lọ ra rodo àti tàtàṣé ní Ìkọ̀tún, ó lọ̀ ọ́, ó sè é títí omi rẹ̀ fi gbẹ, ó wá fi òróró àti ẹja gbígbẹ dín in títí ó fi dúdú. Irú ata bẹ́ẹ̀ kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ó rọ ọ́ sínú ike, ó ní kí Ṣàíbù wá ẹni tó máa bá a mú díẹ̀ dé ibùdó Báyọ̀.

Nígbà tí àwọn ìyàwó ṣọ́jà yòókù ládùúgbò gbọ́, wọ́n ń gbé ata tiwọn náà wá. Bí a ṣe di obìnrin bíi mẹ́wàá tó ń dáná lẹ́yìnkùlé Alhaja Rashidat, onílé wa, nìyẹn. Eéfín ata á wọ̀ wá lọ́fun, a ó máa wúkọ́, a ó máa sín, a ó sì máa bú àwọn ọkọ wa pé àwọn ni wọ́n kó wa sí gbogbo wàhálà yìí. Fàúsátù ló máa ń bú tirẹ̀ jù, òun náà ló sì máa ń kó ẹja tó tóbi jù sínú ike tirẹ̀. Láti ìgbà tí Báyọ̀ ti lọ, àwọn ọjọ́ yẹn ni mo gbádùn jù.

Màdáámù Àjíṣafẹ́ wá gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì nílé ìfowópamọ́, ó sì fẹ́ di káńsẹ́lọ̀. Rasaq, ẹ̀gbọ́n Ṣàíbù, tó ń bá a ṣe òṣèlú tó sì ń wa ọkọ̀ rẹ̀, ló mú un wá. Obìnrin yìí gba orógùn lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya fọ́tò, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá orógùn padà. Kí oṣù yẹn tó parí, a ti ní orúkọ, Ẹgbẹ́ Ìyá Akọni, ojú Màdáámù sì ti wà lára gbogbo ike ata. Ṣọ́jà á ti inú igbó dé, ebi á máa pa á, á ṣí ata ìyàwó rẹ̀, ojú Màdáámù ló máa kọ́kọ́ rí. Ó rí mi lára, àmọ́ òun ló ń san owó ọkọ̀ tó ń kó ata náà lọ, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Ó wá ní ẹgbẹ́ máa ṣe ayẹyẹ ní ọjọ́ Sátidé, ní gbọ̀ngàn kan ní Ẹgbẹ́dá. Àwọn oníròyìn máa wà níbẹ̀. Ó ní bánà ńlá kan máa wà lára ògiri, wọ́n máa fi aṣọ funfun bò ó, Fàúsátù tó dá iṣẹ́ ata sílẹ̀ ló sì máa ṣíṣọ lójú rẹ̀. Inú Fàúsátù dùn dé ibi pé ó ń fi ìró rẹ̀ àtijọ́ kọ́ bí ó ṣe máa fa aṣọ náà, à ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo lọ gba sítíkà ike ní ibùdókọ̀ Pleasure, ní ṣọ́ọ̀bù Richard, ọmọkùnrin tó ń bá Màdáámù tẹ nǹkan. Ó ní kí n dúró díẹ̀. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo gbójú sókè, mo sì rí Ṣàíbù.

Ojú rẹ̀ gba gbogbo ògiri. Fọ́tò tó ti wọ aṣọ ológun ni, irú èyí tí Fàúsátù gbé kọ́ sí yàrá rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bánà, wọ́n ya àbẹ́là sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé SÙN RE O, AKỌNI. Ọjọ́ tó kú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Jímọ̀ kan báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ní igun kan, Màdáámù ń rẹ́rìn-ín.

“Ta nìyí?” Mo bi Richard bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

“Ṣọ́jà kan tó kú sí Borno ni, Àǹtí. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, íńkì ẹ̀ ò tíì gbẹ. Ìyàwó ẹ̀ ló máa ṣí i lọ́la. Wọ́n ní ìyàwó yẹn ò tíì mọ̀ pé ọkọ òun ti kú, ibẹ̀ ló máa ti mọ̀. Kámẹ́rà mẹ́ta ló ń bọ̀.”

Mo jáde, mo sì bì sínú gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Kì í ṣe ikú Ṣàíbù nìkan ló mú mi bì. Kò sí ìyàwó ṣọ́jà tí kì í gbé ẹ̀rù ikú sùn. Àmọ́ bí a ṣe ń túfọ̀ wà. A kì í sọ ọ́ fún opó ní gbangba, a kì í sì í sọ ọ́ fún un lórí ìdúró. Àwọn àgbà ẹbí ọkọ ni wọ́n ń wá lówùúrọ̀, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á ní ara ọkọ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá, wọ́n á máa fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yé e fúnra rẹ̀. Obìnrin kan tó fẹ́ràn rẹ̀ á ti dúró sẹ́yìn rẹ̀, kó lè dì í mú. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ kí Fàúsátù fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa aṣọ, kó sì pàdé ikú ọkọ rẹ̀ níwájú èrò tó ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbin ni. Mi ò ní orúkọ mìíràn fún un.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ilé Màdáámù ní Ẹgbẹ́dá. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ń fi fọ́ọ̀kì jẹ ìbẹ́pẹ.

“Ìyá Testimony, ṣé sítíkà ti délẹ̀?”

“Mo rí bánà, mà. Mo rí Ṣàíbù.”

Ojú ò tì í. Richard ló ń bínú sí. “Mo sọ fún ọmọ yẹn kó bò ó.”

“Ṣé òótọ́ ni, mà?”

“Òótọ́ ni, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Wọ́n ti sin ín sí Maiduguri lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí. Rasaq ni wọ́n pè, torí òun ni ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kó lọ rọra sọ fún ìyàwó. Òun ló wá bá mi, la bá jọ rò ó pé ká ṣì dúró ná.”

“Kí lẹ̀ ń dúró dè, mà?”

“Ìwọ náà, rò ó wò. Tá a bá sọ fún un nílé, ilé ló ti máa sunkún. Ta ló máa rí i? Tí ará ìlú bá rí omijé gidi, kì í ṣe ti àwọn eléré, ọkàn wọn á rọ̀, wọ́n á ṣèrànwọ́. Òun náà ló máa jàǹfààní ẹ̀. Èmi ni màá rán Hamdalah ọmọ ẹ̀ nílé ìwé.”

Omijé gidi. Bí a ṣe máa ń sọ pé epo gidi, tí kò ní àdàlù, ló ṣe sọ ọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n sọ fún un.”

“Kó wá ba ètò jẹ́?” Ó sún mọ́ mi, ohùn rẹ̀ wá rọ̀. “Báyọ̀ tìẹ ńkọ́? Mo mọ ọ̀gá kan tó lè fà á wá sí Ìkẹjà kí oṣù yìí tó parí. Ìwọ ṣáà ti dákẹ́ di ọ̀la.”

Ọkàn mi fò sókè. Mo rí Báyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, tó ń bọ́ bàtà. Ìríra ló wá tẹ̀ lé e, ó le ju ti gọ́tà lọ. Ọkọ tèmi ni obìnrin yìí fẹ́ fi dí mi lẹ́nu, kó lè fi òkú ọkọ ọ̀rẹ́ mi polówó ara rẹ̀. Mo dìde láìdágbére, mo sì tutọ́ sẹ́nu géètì rẹ̀ nígbà tí mò ń jáde.

Nígbà tí mo délé, Fàúsátù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Obìnrin kan tí Màdáámù rán wá ń lé làálì fún un. Gbogbo Mùsùlùmí ló mọ̀ pé obìnrin tó bá wà nínú tákàbá ọkọ rẹ̀ kì í lé làálì, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ kankan. Rasaq mọ̀. Ó mọ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n kun opó àbúrò rẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

“Ìyá Testimony, wá wo ọwọ́ mi!” Fàúsátù ń rẹ́rìn-ín. “Màdáámù ní ó máa yọ dáadáa nínú kámẹ́rà. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá dé, màá fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí Ṣàíbù.”

Mo ní ó dára. Mo wọ yàrá mi lọ, mo fi ìrọ̀rí di ẹnu.

Alhaja Rashidat ni mo sọ fún. Ó ti sin ọkọ, ó sì ti sin ọmọ, kò pariwo. Ó ṣáà ń wò mí. “Rasaq jẹ ìrẹsì wòlímọ̀ nínú ilé mi yìí,” ó wí. Ní ọjọ́ kejì tí Ṣàíbù kú ni a ṣe wòlímọ̀ fún Hamdalah, nítorí pé ó ka Kùránì tán. “Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.” Ó ní kí n jẹ́ kí Fàúsátù sun alẹ́ ọjọ́ yẹn, torí òun ni alẹ́ tó máa sùn gẹ́gẹ́ bí abilékọ kẹ́yìn. Ó ní a ó sọ ọ́ lówùúrọ̀, bó ṣe yẹ ká sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, Alhaja àti obìnrin méjì nínú àwa aláta wọ yàrá Fàúsátù. Mo tẹ̀ lé wọn. Alhaja ní kó jókòó.

“Ọmọ mi, wọ́n ní ara Ṣàíbù ò fi bẹ́ẹ̀ yá.”

Alhaja ò tíì dé gbólóhùn kejì tí Fàúsátù fi bojú wẹ̀yìn.

“Ìyá Testimony, kí lo dúró sẹ́yìn mi fún?”

Òun náà ti dúró sẹ́yìn ẹlòmíì rí, nígbà tí ọkọ Hope, ọ̀kan nínú àwa aláta, kú. Ó wo ojú mi, ó wo ojú Alhaja, ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

“Ọjọ́ wo ni?”

“Jímọ̀,” Alhaja dáhùn. “Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.”

“Kí á tó ṣe wòlímọ̀?”

“Kí á tó ṣe é.”

“Mo jó,” Fàúsátù wí. “Rasaq ń wò mí, mò ń jó.”

Ẹkún náà bẹ̀rẹ̀. Mo dì í mú, ó fi orí sí mi láyà. Ìgbà yẹn gan-an ni họ́ọ̀nù ọkọ̀ dún níta. Màdáámù wọlé, Rasaq tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin kan sì gbé kámẹ́rà lé èjìká tẹ̀ lé Rasaq.

“Ta ló sọ fún un?” Màdáámù bèèrè. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé ojú máa tì í, kó padà lẹ́yìn. Ó tẹ̀ ba létí Alhaja, àmọ́ gbogbo wa la gbọ́ ọ.

“Ìyá, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́. Ó ṣì lè wá. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó sunkún tán síbí.”

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú láyé mi, mi ò gbọ́ irú èyí rí.

Fàúsátù gbé orí kúrò láyà mi. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú, ó nu imú, ó sì jókòó gbọnrangandan. Ó tẹjú mọ́ Màdáámù. Ọmọkùnrin yẹn gbé kámẹ́rà sókè, ojú gbígbẹ ló rí.

“Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́,” Rasaq wí. Fàúsátù ò wo ibi tó wà.

Màdáámù dúró. Nígbà tó rí i pé kò sí nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárò. “Háà, Ṣàíbù! Akin ọkùnrin! Ta ló máa fa Hamdalah fọ́kọ?” Òun tó ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sunkún, òun ló ń lọgun, tó ń fi ojú kan wò ó bóyá omijé ti ń bọ̀. Ọwọ́ mi wà léjìká Fàúsátù, mo mọ bó ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ. Ó di eyín pọ̀ títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Ẹ̀kán kan ò bọ́.

Nígbà tó yá, ọmọ oníkámẹ́rà fúnra rẹ̀ sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Màdáámù pòṣé, ó jáde. Rasaq tẹ̀ lé e. A gbọ́ tí wọ́n pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé, a gbọ́ tí ẹ́ńjìnì dún. Alhaja fẹ́ sọ̀rọ̀, Fàúsátù gbé ìka sókè pé kó dúró. Ó tẹ́tí sí ọkọ̀ náà títí ó fi yà sí títì.

“Ṣé wọ́n ti lọ?”

“Wọ́n ti lọ,” mo wí.

Ó wo ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló wá sunkún ọkọ rẹ̀.