Ọ̀pá Ẹ̀yìn Tí Aránṣọ Wọ̀n

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti kán lórí òkè kan ṣoṣo, ojú ibì kan náà gan-an, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń bínú sí i. Ọ̀pá ẹ̀yìn ni irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, òun ló sì ń ru ẹrù. Ti píkọ́ọ̀pù yìí ti darúgbó. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, awakọ̀ bá àwọn tó dúró ràn án lọ́wọ́ ti ọkọ̀ títí ìbàdí fi ń dùn ún, ló bá délé, ó na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Tó bá tún kán," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, "mo máa gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó ti tó."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ìyẹn gan-an ló já ìyàwó rẹ̀ láyà. Aránṣọ ni obìnrin náà, ó sì mọ ọkọ rẹ̀ bí ẹni mowó. Lọ́dún tí àìsàn dá ọkùnrin yìí jókòó sílé, pákó àjà yàrá ló ń kà láàárọ̀, á tún wọn kà nírọ̀lẹ́, á máa jiyàn pé ọ̀kan dín. Aránṣọ kò fẹ́ rí irú ọdún bẹ́ẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń la pákó ti sọ ojú abẹ níkòó: pákó òrùlé ilé ìwòsàn tuntun gbọ́dọ̀ gun òkè ní Mọ́ńdè, bí ọkọ̀ bá sì tún dákú, ó di awakọ̀ mìíràn.

"Èmi àti Ó-Ti-Tán la máa lọ wá òmíràn," ni aránṣọ wí. Mẹkáníìkì wọn ni Ó-Ti-Tán. Kò ní tíì tú nọ́ọ̀tì kan tí á ti máa pariwo pé ó ti tán, ni àdúgbò bá fi sọ ọ́ lórúkọ.

"Ọ̀pá ẹ̀yìn kì í ṣe bọ́tìnnì o, ìyá wa," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

"Mo mọ̀. Bọ́tìnnì tèmi kì í já lórí òkè."

Ó fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó wọn irin tó kán láti ibi tí táyà kan ń jókòó sí dé ìkejì. Ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé oníbàárà, sábẹ́ ìwọ̀n ìbàdí olùkọ́ kan tó ń ránṣọ ìgbéyàwó. Ó pa ìwé dé, inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù, oníṣòwò gbé ọ̀kan tó ń dán gbinrin jáde. "Ẹ wo ẹwà, màmá!" Aránṣọ fi èékánná họ ọ̀dà ibẹ̀. Ìpẹtà ló fojú hàn. Ta ni wọ́n fẹ́ fi aṣọ àlòkù tí wọ́n tún pa láró tàn jẹ? Ó kọjá lọ sídìí òmíràn tó dọ̀tí bí ìkòkò ìdáná, tó ki pọ́pọ́, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó tóbi ju tiwọn lọ.

"Bóòtù táyà rẹ̀ mẹ́fà, bíi tiwa," ni Ó-Ti-Tán wí. Òun àti oníṣòwò di etí méjèèjì mú, wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kan. Aránṣọ ka iye ìgbà tí orí irin àárín, èyí tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí, yípo: mẹ́rin àti díẹ̀. Ti èyí tó ń dán kò ju mẹ́ta àti díẹ̀ lọ.

"Ìyẹn á sáré," ni Ó-Ti-Tán wí, "ṣùgbọ́n èyí ló mọ ẹrù fà."

"Ta ló ń lé wa? Èyí tó ń fà ni kí wọ́n gbé fún wa." Aránṣọ na téèpù lé e. Iye tó wà nínú ìwé gẹ́lẹ́ ni.

Ní ọ̀sán Sátidé, Ó-Ti-Tán jó irin tí sípíríǹgì ń jókòó lé mọ́ ọn lára, ó dè é mọ́ ọkọ̀, ó sọ jáàkì kalẹ̀. Ni táyà méjèèjì bá yọrí síta lábẹ́ ìbòrí wọn. Ó wọn irin àtijọ́. Ó tún un wọ̀n. Tuntun fi ínṣì méjì gùn jù ú lọ.

Aránṣọ ṣí ìwé oníbàárà rẹ̀, ó wò ó. "Mo gbé o! Mo fi àyè ìránpọ̀ sí i."

"Àyè kí ni?"

"Ínṣì kan lọ́tùn-ún, ínṣì kan lósì, bí mo ṣe ń ṣe fún aṣọ. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, orí mi ò sí níbẹ̀." Ojú tì í débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti rà á sì ti tilẹ̀kùn di Mọ́ńdè.

Ó-Ti-Tán họ orí. "Irin yìí ò ní í kán, ọkọ̀ á sì dúró dáadáa. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni kí táyà má máa ha ìbòrí tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́. A ò lè mọ̀ àfi tí a bá di ẹrù sí i."

Awakọ̀ ti jáde síta, ó fọwọ́ ti ìbàdí. Ó yí ọkọ̀ náà ká. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín, ó ń kígbe ìrora, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi tú ṣòkòtò ọkọ̀ mi fẹ̀! Ó pẹ́ tó ti ń fún un. Ó di Mọ́ńdè."

Ní Mọ́ńdè, aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀. Pákó gígùn kún ẹ̀yìn wọn bámúbámú. Bí wọ́n ṣe ń gòkè, ó ń tẹ́tí sí táyà: ṣé kò ha nǹkan kan? Nígbà tí wọ́n dé ojú ibi burúkú náà, ó di ilẹ̀kùn mú. Ọkọ̀ náà rọra ń fà, ó ń kùn, kò yà bàrá, kò dúró, táyà kò sì ha ìbòrí. Wọ́n kọjá ibẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò wo ẹ̀yìn.

Lókè, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ilé ìwòsàn ti mú fóònù lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé kí n pe ẹlòmíì fún ìyókù?"

"Ìyókù wo?" Awakọ̀ kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. "Tèmi ni gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yẹn kí wọ́n yára já pákó yìí."

Inú aránṣọ dùn ṣìnkìn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.