Báàgì Inú Búùtù

"Fún mi ní kọ́kọ́rọ́." Orville na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Níbí, amọ̀nà ló máa ń wa ọkọ̀ àlejò."

"Bàámi, dókítà ní kẹ́ ẹ má wakọ̀ mọ́."

"Ṣé dókítà náà mọ ibi tí àwọn ọmọ ogun ti kú?"

Darlene rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bọ́ sídìí ọkọ̀. Ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi. Amọ̀nà ni bàbá rẹ̀ ní pápá ogun Gettysburg, níbi tí ará Àríwá àti ará Gúúsù Amẹ́ríkà ti bára wọn jagun láyé àtijọ́, títí agbára rẹ̀ ò fi gbé e mọ́. Láàárọ̀, Darlene ní àwọn fẹ́ wá wo pápá náà, àwọn á sì padà sílé lọ jẹun. Irọ́ ni. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tí bàbá ti búra pé òun ò ní lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Yìnyín bo àgbá ogun àti ògiri òkúta. Kò sí àlejò kankan.

"Ìgbà òtútù ló dáa jù," ni Orville wí. "Igi ti wọ́wé, wàá rí ibi tí ilẹ̀ ga sí. Nígbà ooru, ewé máa ń purọ́ fún èèyàn."

Wọ́n dúró. Bàbá lọ mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nínú búùtù. Kí Darlene tó sọ̀ kalẹ̀, bàbá ti ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lórí báàgì tí Darlene di aṣọ rẹ̀ sí. Fọ́tò ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló wà lókè.

Ó rọra pa búùtù dé, ó lọ síbi ògiri.

"Màdáámù, ẹ máa bọ̀ níbí. Inú pápá yẹn ni àwọn ọmọ ogun Gúúsù gbà yọ."

"Ẹ̀ ń pè mí ní màdáámù? Èmi ni, Darlene."

"Mo mọ̀ ọ́. Àlejò ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Àlejò kì í purọ́ fún mi."

"Ẹ gbàgbé iná sórí sítóòfù, ẹ tún gbàgbé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, bàámi. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má délé bá eérú."

"Òótọ́ nìyẹn. Kí ló dé tó o fi bo báàgì náà mọ́lẹ̀?"

"Torí ẹ máa ní rárá."

"Mo máa ní rárá. Ṣé kò yẹ kí n rí àyè sọ ọ́ ni?"

Darlene dúró nínú yìnyín, ó yọ fóònù, ó pe ilé ìtọ́jú náà.

"Darlene Stambaugh ni. A ò ní wá lónìí." Ó tẹ́tí. "Rárá, ara rẹ̀ le. Mi ò tíì bi í léèrè ni."