Igi Kékeré Orí Fayolíìnì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jí ọmọ aládùúgbò wa lójú oorun, èmi ni wọ́n bá wí. A ṣì kéré nígbà náà. Bàbá wa, tó ń tún fayolíìnì ṣe nísàlẹ̀ ilé, ló kọ́ wa ní orin arẹmọlẹ́kún kúkurú kan, òun la sì ń fi rẹ ọmọ náà nígbà tó ta jí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni fayolíìnì, èmi ni mo ni sẹ́lò, ẹ̀gbọ́n fayolíìnì tó tóbi débi pé orúnkún méjèèjì ni mo fi ń há a. Òfin ilé wa ni pé ẹni tó bá jí ọmọ ni yóò gbé e títí yóò fi sùn padà. Bàbá ní sẹ́lò ló pariwo. Mo gbé ọmọ náà títí apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ẹ̀gbọ́n mi sì ń wo àjà bí ẹni tó ń ka aláǹgbá.

Mi ò gbàgbé.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bímọ, ọmọ náà kì í sùn. Ìyá ọmọ ránṣẹ́ sí mi: “Àǹkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé sẹ́lò yín wá. Oorun fẹ́ pa mí.”

Nígbà tí mo dé, Bàbá wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Etí rẹ̀ ti di.

“Alágídí ti dé,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé igi kékeré wà níbẹ̀ lónìí?”

Igi náà la máa ń há mọ́ ibi tó gbé okùn fayolíìnì dúró, kí ohùn rẹ̀ lè dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Láìsí i, ṣe ló máa ń han bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Lọ́jọ́ tí ọmọ aládùúgbò wa jí yẹn, kò sí níbẹ̀.

“Igi wo? Bẹ̀rẹ̀, jàre.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Ohùn méjì péré ni ti sẹ́lò, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè díẹ̀, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ mi ibùsùn ọmọ. Fayolíìnì yọ́ wọlé, ó ń gòkè bí ẹni tó bọ́ bàtà kó tó gun àtẹ̀gùn, ó ń lọ síbi ohùn kan tó tínrín bí òwú. Ojú ọmọ ti ń kú lọ. Ó ku díẹ̀ kó débẹ̀ ni mo dáwọ́ dúró.

Ọmọ la ojú kan.

“Kí ló dé?”

“Ta ló gbàgbé igi?”

“Ìwọ yìí! Títí di òní?”

“Ẹ sọ ọ́ fún Bàbá.”

Ọmọ la ojú kejì, ó ti ń yọ ètè síta.

“Ó dáa, ó dáa! Tá a bá parí, màá sọ.”

A parí rẹ̀. Ohùn tínrín náà dúró díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, lọ-bọ̀ mi falẹ̀, ó sì kú wẹ́rẹ́. Ọmọ ti sùn. Ìyá rẹ̀ náà ti sùn, ó ya ẹnu sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbé fayolíìnì sínú àpótí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku nǹkan kan.”

Ó lọ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sétí Bàbá.

“Hẹ̀n?” ni Bàbá wí. “Gbé ohùn sókè!”

Ó wo ọmọ. Ó wò mí. Mo ká apá mọ́ àyà.

“Alágídí, tó bá jí ńkọ́?”

“Ẹ ṣáà mọ òfin ilé.”

Ó fa èémí sínú.

“BÀBÁ! ÈMI NI MO GBÀGBÉ IGI! KÌ Í ṢE SẸ́LÒ RÁRÁ!”