Lẹ́tà Tó Wà Lábẹ́ Lẹ́tà

Iṣẹ́ Àbíkẹ́yìn ni kí ó máa dán ètò ímeèlì wò kí ó tó dé ọwọ́ aráyé. Ètò náà máa ń kó àwọn lẹ́tà tó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ kan náà jọ sójú kan, bí ìgbà tí a bá sín ìlẹ̀kẹ̀ sínú okùn: ìbéèrè, èsì, èsì lórí èsì. Bí lẹ́tà kan bá bọ́ sínú okùn tí kì í ṣe tirẹ̀, àṣìṣe ni. Bí ó bá yẹ kó wọ̀ ọ́ tí kò wọ̀ ọ́, àṣìṣe ni pẹ̀lú. Ogójì ìdánwò ló wà nínú ìwé ìlànà. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀ láti inú àpótí ímeèlì mẹ́fà, tí yóò sì máa dá ara rẹ̀ lóhùn, bí ẹni tó ń bá òjìji rẹ̀ ta ayò. Èyí tó bá yege, a kùn ún ní àwọ̀ ewé. Èyí tó bá kùnà, a kùn ún ní pupa.

Ìdánwò kẹtàdínlógún ni ti ẹni tó kọ lẹ́tà tuntun, tí kò fi dá ẹnikẹ́ni lóhùn, àmọ́ tó fún un ní àkọlé tí lẹ́tà àtijọ́ kan ti ń jẹ́. Ìlànà ní kí ètò so ó mọ́ ti àtijọ́. Àbíkẹ́yìn ṣiyèméjì. Ó lọ bá ọkùnrin tó kọ ètò náà, ẹni tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Kòséwu, nítorí kò sí ohun tí ẹ bá bi í tí kì í fi ìyẹn parí rẹ̀.

"Àkọlé kan náà, àwọn èèyàn kan náà, kí ló tún kù?" ni Kòséwu wí. "Ta ló máa ń fi àkọlé kan kọ ọgọ́rùn-ún lẹ́tà? Kò séwu, jàre."

Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé.

Ó yẹ kó rántí ilé tiwọn, ṣùgbọ́n aṣọ́bodè kì í yẹ àpò ara rẹ̀ wò. Olùkọ́ ni bàbá wọn tó ti dolóògbé, ó sì kọ́ wọn pé a kì í dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìkọ́kọ́ kí èèyàn. Nígbà tí ímeèlì dé, tó ní kí wọ́n kọ àkọlé sókè, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ náà ń kọ ìkíni sí. Ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò, ìbáà jẹ́ ti ọmọ tó wọ yunifásítì, "Ẹ kú ilé o" ni.

Ojú lọba ara. Ọdún méjì ni ọba ara ìyá wọn ti ń ti ilẹ̀kùn ààfin díẹ̀díẹ̀. Dókítà ojú wá fún un ní Ọjọ́bọ̀ kan fún iṣẹ́ abẹ. Ìyá ní kò burú, ṣùgbọ́n abẹ kankan kò ní kan ojú òun àfi kí ọmọ tí òun bí kẹ́yìn di ọwọ́ òun mú, kó sì gbàdúrà sí òun létí. Àbíkẹ́yìn ṣèlérí. Ó gba àyè ọjọ́ méjì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀.

Ní ọ́fíìsì wọn, ẹni tó bá kọ ètò tàbí tó ń dán an wò gbọ́dọ̀ fi ka lẹ́tà tirẹ̀ náà. Ọ̀gá ní ẹni tó bá se ọbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, tó jẹ́ káfíńtà, kọ lẹ́tà pé ilé ìwòsàn ti fa iṣẹ́ abẹ náà wá sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mọ́kànlá àárọ̀. Ẹ kú ilé o. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kọ tirẹ̀: òun ti rí bàtà tí Àbíkẹ́yìn gbàgbé sọ́dọ̀ òun. Ẹ kú ilé o. Ètò ká méjèèjì mọ́ òjìlénígba lẹ́tà tó ti wà níbẹ̀, ó sì gbé ti ìkẹyìn nìkan síta. Àbíkẹ́yìn ṣí i, ó ka ọ̀rọ̀ bàtà, ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú ẹ̀. Ètò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti ka gbogbo rẹ̀, ó sì fi bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ wọ́n. Káfíńtà rí i lọ́dọ̀ tirẹ̀ pé àbúrò òun ti ka lẹ́tà òun, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni fóònù dún.

"Ibo lo dé?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Ibo ni mo fẹ́ dé, bọ̀dá mi? Mo wà níbi iṣẹ́."

Káfíńtà wá ń tò ó fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wọn pákó. Ìyá ti wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ. Ìyá ní òun ń dúró de ọmọ òun. Dókítà ní bí kò bá jẹ́ òní, ó di oṣù mẹ́ta, òun kò sì lè ṣèlérí pé ìmọ́lẹ̀ tó kù nínú ojú náà yóò dúró dìgbà yẹn. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ló wà láàárín ọ́fíìsì àti ilé ìwòsàn.

Àbíkẹ́yìn tú okùn náà palẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀, lábẹ́ bàtà. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún ìyá.

"Màmá, wọ́n kọ ọ́ sí mi, mi ò rí i. Ètò tí à ń ṣe níbí ló bò ó mọ́lẹ̀. Èmi ni mo sì yẹ̀ ẹ́ wò tí mo ní ó dáa."

"Nígbà tó o ní ó dáa, ṣé o mọ̀ pé kò dáa?"

"Mo fura, Màmá."

"O fura, o sì fọwọ́ sí i. Bàbá rẹ ì bá fún ẹ ní òdo, kó tún ní kó o lọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn kíláàsì."

"Ẹ máa wọlé lọ, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ má dúró dè mí."

"Ọwọ́ ta wá ni kí n dì mú?"

Àbíkẹ́yìn dìde láàárín tábìlì àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó di ojú, ó sì gbàdúrà sínú fóònù. Ó pe Ọlọ́run tó dá ojú kí ẹnikẹ́ni tó dá dígí, Aríran-má-lo-àtùpà, Ọba tí a ò lè ká nǹkan pamọ́ fún. Ó ní kí ó fi ọwọ́ tirẹ̀ sórí ọwọ́ dókítà. Ìyá ṣe àmín, ó ní kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ òun.

Nígbà tó jókòó, ó yí ìdánwò kẹtàdínlógún padà sí pupa. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi dé ìdí tábìlì rẹ̀, torí ọjọ́ kẹta sí i ni ètò yóò jáde. Kòséwu ní ètò òun ṣe ohun tí ìlànà wí. Àbíkẹ́yìn ní bẹ́ẹ̀ ni, ìlànà ló kù díẹ̀ káàtó, òun náà sì kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀gá bi í bóyá nítorí ìdílé kan ṣoṣo ni kí gbogbo iṣẹ́ dúró. Àbíkẹ́yìn kò jiyàn. Ó kàn ní kí Kòséwu ṣí àpótí tirẹ̀, kó wo àkọlé tí ìyá rẹ̀ máa ń lò. Kòséwu wò ó. "Ọmọ mi" ni, ìgbà ọ̀ọ́dúnrún ó lé. Mẹ́rin nínú wọn kò tíì kà rárá, bẹ́ẹ̀ ètò ní ó ti kà wọ́n. Ó jókòó, ó ń ka èyí àkọ́kọ́. Ọ̀gá sún ìjáde ètò síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ní kí Àbíkẹ́yìn máa lọ bá ìyá rẹ̀.

Ó dé ilé ìwòsàn ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Wọ́n ti di ojú ọ̀tún ìyá. Ọ̀la ni dókítà yóò tú u wò, ìgbà náà ni wọn yóò tó mọ̀. Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ìyá fọwọ́ wá orí rẹ̀ kiri títí ó fi bà á.

"Ọmọ tí mo bí tí inú mi fi sinmi," ni ìyá wí. "Ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan ni mo dì mú. Ó le bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ káfíńtà, ṣùgbọ́n kò fà á padà títí tí oorun fi gbé mi lọ. N ò rí ojú ẹ̀. Lọ wá a kiri, kó o bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Àbíkẹ́yìn bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wà nídìí tábìlì lápá òkè, ọ̀kan ń kọ̀wé, méjì ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó kí wọn, ó sì bi wọ́n pé èwo nínú wọn ni ìyá òun dì lọ́wọ́ mú láàárọ̀.