Bí Kápúténì Ṣe Dé Ilé

Kápúténì tún kú.

Bámikẹ́ tẹ rìmóòtù, ó dá fíìmù náà padà sẹ́yìn, ó tún jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ńlá náà ti ń jóná láàárín àwọn ìràwọ̀. Kápúténì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, òun nìkan ló dúró sẹ́yìn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ funfun bo gbogbo ojú tẹlifíṣàn. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin rẹ̀ dúró lórí òkè kan nílé ayé níbí, ó ń wo ọ̀run, ẹnikẹ́ni ò sì bọ̀. Orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Kò sí ibì kankan tí ọkùnrin náà ti padà wálé. Kò sí búrẹ́dì.

Bámikẹ́ gbé rìmóòtù sórí àga.

Àbúrò rẹ̀, Kamaldeen, tó ń ta ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní Alábà, ló gbé páálí sídíì náà wá fún un ní Òkokomáíkò. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ti yá gágá mọ́, Kamaldeen sì rántí fíìmù tó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: apá mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn, tí bàbá wọn yá kásẹ́ẹ̀tì wọn wá sílé nígbà tí Bámikẹ́ wà ní kékeré, kí wọ́n tó bí òun pàápàá. Nígbà tí ó rí páálí náà, Bámikẹ́ pariwo ayọ̀ bí ọmọdé. Ayọ̀ yẹn ló tú u lẹ́nu.

"Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ìparí apá kẹta," ó ní. "Ibi tí Kápúténì ti sọ̀ kalẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sáré lọ pàdé rẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì dání nínú ọ̀rá."

Kamaldeen rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Búrẹ́dì kẹ̀? Àǹtí mi, Kápúténì ò padà wálé o. Ibẹ̀ ló kú sí. Àìmọye ìgbà ni mo ti wo fíìmù yẹn."

"Kò kú. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i."

"Ó dáa, ẹ wò ó fúnra yín."

Ó ti wá wò ó báyìí, ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Ó sì dà bíi pé ilẹ̀ ilé náà ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nítorí báyìí gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ìyá wọn. Ìyá jókòó sídìí oúnjẹ àárọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n bá òun sáré lọ ti ìsọ̀ òun ní Ìjànikin, pé òjò ti ṣú. Kò ní ìsọ̀ ní Ìjànikin rí láyé rẹ̀. Ó ṣàpèjúwe ìsọ̀ náà fún wọn: ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn rẹ̀, obìnrin tó ń yan ẹ̀pà níwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín, ó bínú. Ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹn kò ṣe é rẹ́rìn-ín sí. Kí ó tó kú, "ìyá wa" ló ń pe Bámikẹ́, ó sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àjèjì tó ṣe é lóore lójú ọ̀nà.

Bámikẹ́ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Láìpẹ́ yìí, ó dúró níwájú kíláàsì, orúkọ ọmọ tó ń pè sì sá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fi fóònù sínú fíríìjì, ó sì wá gbogbo ilé kí ó tó rí i. Ó lọ rí dókítà láì sọ fún ẹnì kankan. Dókítà bi í ní ìbéèrè títí, ó ní kó ka nǹkan, kó ya nǹkan, ó wá ní kò sí ohun tó ń ṣe é ju àárẹ̀ àti ọ̀fọ̀ lọ. Bámikẹ́ dúpẹ́, ó jáde, àmọ́ kò gbà á gbọ́. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Ta ló sì sọ pé ekòló ni eléyìí? Ó rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ó rántí ọ̀rá búrẹ́dì náà bó ṣe ń dán nínú oòrùn.

Ó yọ sídíì náà, ó fi í sínú báàgì, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ìbà.

Bàbá wọn, Bàbá Adéníjì, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kan ẹsẹ̀ àga kan tó ti yẹ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà ni bàbá náà ṣe títí ó fi darúgbó, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀ síbẹ̀. Bámikẹ́ kúnlẹ̀ kí i.

"Ṣé kò sí o?" bàbá bi í. "Ojú rẹ kò dáa."

"Kò sí, Bàbá. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín. Ẹ rántí fíìmù Kápúténì tí a jọ máa ń wò?"

"Mo rántí."

"Báwo ni apá kẹta ṣe parí?"

Hámà dúró lókè. "Ó padà wálé," bàbá sọ, kíákíá, bí ẹni tó ń ka àkọ́sórí. Ó wá gbé hámà náà sílẹ̀, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa. "Ta ló sọ fún ọ pé ó kú?"

Bámikẹ́ fa àpótí kan mọ́ra, ó jókòó.

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé ó kú?"

"Kí ni mi ò ní mọ̀ sí? Èmi ni mo yá kásẹ́ẹ̀tì." Bàbá nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ilé ìwòsàn ni ìyá rẹ wà nígbà yẹn. Oyún Kamaldeen ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n dá a dúró, kò sì sí dókítà tó bá mi sọ ọ̀rọ̀ tí mo lè dì mú. Ìwọ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ. Mo ní kí lèmi ó fi ọmọ yìí ṣe? Ni mo bá lọ yá fíìmù. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, èmi ni mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ọ. Apá kìíní, apá kejì, a gbádùn wọn. A wá dé ibi tí ọkùnrin yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. O yíjú sí mi. O ní, 'Bàámi, ṣé bí Màámi náà ò ṣe ní í bọ̀ mọ́ nìyẹn?'"

Bámikẹ́ kò rántí pé òun sọ bẹ́ẹ̀.

"Kí lẹ wí?"

"Mo pa fídíò. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì há, àmọ́ pé mo ti wo ìyókù ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti yá a, pé kí o jókòó, kí n sọ ọ́ fún ọ." Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Irọ́ ò sì mọ́ mi lẹ́nu. Ohun tí mo bá rí nínú ilé ni mò ń kó sí i. Mo wo orí tábìlì, mo rí búrẹ́dì. Mo ní, ó ra búrẹ́dì bọ̀."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu Bámikẹ́. Ẹ̀rín náà kò dúró ní ẹ̀rín. Ó fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá dúró tì í títí ó fi ṣe tán.

"Ojoojúmọ́ lo ń ní kí n tún un sọ," bàbá ní. "Bí mo bá fo ibì kan, ìwọ lo máa ń rán mi létí. Ìgbà tó yá, èmi pàápàá ń rí ọkùnrin yẹn tó ń bọ̀."

"Ìgbà tí Màámi ti wá dé ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ ò sọ òótọ́ fún mi?"

"Ìyá rẹ dé. Kí la tún fẹ́ fi ikú Kápúténì ṣe?"

Ìgbà náà ni Bámikẹ́ sọ gbogbo rẹ̀: fóònù inú fíríìjì, orúkọ tó sá mọ́ ọn lẹ́nu, dókítà tí òun kò gbà gbọ́, bí ó ṣe ń jí ní àárọ̀ lójoojúmọ́ tí ó sì ń ka orúkọ àwọn ará ilé sínú kí ó tó dìde. Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó na ọwọ́, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lórí, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé tí ara rẹ̀ gbóná.

"Orí tó rántí búrẹ́dì tí mo fi ẹnu lásán rà," ó ní, "kí ló ń ṣe é? Ohun tí dókítà sọ fún ọ, gbà á. O sì dá ru gbogbo ẹrù yìí? Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Bàbá wá ní, "Èmi náà ò wo ìparí yẹn tán rí, ṣé o mọ̀? Ọmọ tó ń yá wa ní kásẹ́ẹ̀tì ló sọ ọ́ fún mi. Ṣé o mú un wá?"

Iná wà. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó lórí àga gígùn, Bámikẹ́ sì fi sídíì sínú ẹ̀rọ. Etí bàbá ti ń wúwo, ìdí nìyẹn tí Bámikẹ́ fi ń túmọ̀ fún un, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, kò fi ohunkóhun kún un, kò yọ ohunkóhun kúrò. Kápúténì ti ilẹ̀kùn. Ó gbé ọwọ́ lé fèrèsé. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ funfun náà dé, Bámikẹ́ gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yíjú. Omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá.

Ọkùnrin yìí kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀. Ó ń kí àlejò, ó ń bu omi fún wọn, gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé akin ni. Bámikẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

"Ó ṣe dáadáa," bàbá sọ níkẹyìn, ó ń nu ojú. "Ó kó gbogbo wọn là. Ọkùnrin náà ṣe dáadáa." Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí ojú ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn jíjìn.

Nígbà tí Bámikẹ́ jáde, ó pe Kamaldeen lórí fóònù.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti wò ó? Ṣé ó kú àbí kò kú?"

"Ó kú."

"Mo kúkú sọ fún yín!"

"Bàbá ló gbé e padà wálé," Bámikẹ́ ní, ó sì rẹ́rìn-ín. "Nítorí ìwọ ni. Lọ sọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n sọ ọ́ fún ọ fúnra wọn."

Ariwo ẹ̀rọ àwọn aládùúgbò Kamaldeen ní Alábà ń wọlé lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni Kamaldeen ní, ní ohùn pẹ̀lẹ́, "Ẹ rẹ́rìn-ín báyìí. Mo gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọ inú kẹ̀kẹ́ bó ṣe ń padà lọ. Ní Ìyànà Ìbà, àwọn oníṣòwò ń kígbe ọjà wọn, ẹnì kan ń da omi sí ojú ọ̀nà kí eruku má baà sọ. Bámikẹ́ jẹ́ kí orí rẹ̀ sinmi lé irin ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́. Láìròtẹ́lẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀.

Kì í ṣe obìnrin orí ibùsùn tó ń pè é ní "ìyá wa". Èyí ń sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, ó rù, ó fi aṣọ fífẹ́lẹ́ kan wé ọmọ tuntun sí àyà, gèlè rẹ̀ ti ṣí sẹ́yìn. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀ tí ó ti ń wo iwájú ilé yíká.

"Bámikẹ́! Bámikẹ́ o! Ṣé kò sẹ́ni tó gbá ilẹ̀ yìí láti ọjọ́ tí mo ti lọ ni?"

Ohùn náà le, ó mọ́ gaara, ó sì mọ orúkọ rẹ̀.

Bóyá ó rí i bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, bóyá bàbá ló sọ ọ́ fún un ní ọjọ́ kan, kò mọ̀. Kò bi ara rẹ̀. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀, ó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ẹnu ìyá rẹ̀, títí kẹ̀kẹ́ fi dé Òkokomáíkò, tí oníkẹ̀kẹ́ sì béèrè ibi tí ó ti máa sọ̀.