Gbàǹjo Ẹ̀rọ Ìránṣọ Àyìnkẹ́

Ọ̀sán gangan ni Alàgbà Bámgbóyè ará Ìlaròó lá àlá yìí, ẹ gbọ́ bó ṣe lọ.

Kí Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó dágbére fáyé, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ ìránṣọ mi dípẹtà sílé. Ẹ wá ẹni tí yóò máa fi ránṣọ." Bàbá gbé e sí gbàǹjo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ pé, ẹnikẹ́ni kò ná an. Ó tún gbé e síbẹ̀, bákan náà ló rí. Ìbànújẹ́ mú un, ó gbé orí lé ẹ̀rọ náà, oorun sì gbé e lọ.

"Ẹ rọra gbórí yín, Bàbá," ni ẹ̀rọ wí. "Abẹ́rẹ́ mi wà níbẹ̀."

Bàbá ní kó má bínú. Kò yà á lẹ́nu pé ẹ̀rọ ń fọhùn. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé Ẹ̀gbá ló ń sọ.

"Èéṣe tí wọn ò rà ọ́?"

"Inú òkùnkùn lẹ ti ya fọ́tò mi. Wọ́n rò pé àpò èédú ni mí. Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn ní ọ́fíìsì gbàǹjo."

Ọ́fíìsì ọ̀hún léfòó lókè odò Yewa. Ẹ̀rọ tú òwú jáde, wọ́n sì fi gun òkè lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ wọ kóòtù, ó nàka sókè àjà. Iye tí Bàbá ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ló ń fì níbẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Àwọn oníbàárà ń fò, ọwọ́ wọn kò tó o. Obìnrin kan fò títí ó fi di lékèélékèé, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Bó bá wà nílẹ̀, àwọn fúnra wọn ni yóò gbé e ròkè."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni ìwo yọ lórí rẹ̀. Ó di òbúkọ. Bàbá kí i kú oríire.

"Ẹ ṣeun," ni òbúkọ wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ìgbéga." Ó mú ohun tí Bàbá kọ nípa ẹ̀rọ, ó rún un lẹ́nu. "'Ẹ̀rọ dáadáa.' Kò níyọ̀ rárá. Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

Ẹ̀rọ húkọ́. "Ẹsẹ̀ mi kan ti sán, Bàbá. Ẹ sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mi, kó fẹ́ mi tòun ti ẹsẹ̀."

Ojú ti Bàbá, ó kọ ọ́: ẹsẹ̀ kan ti sán, ṣùgbọ́n òun ni Àyìnkẹ́ fi rán yunifọ́ọ̀mù gbogbo ọmọ àdúgbò. Kó tó kọ ọ́ tán, àwọn èèyàn ti ń gbé owó náà sókè fúnra wọn, ọ́fíìsì ń ròkè pẹ̀lú wọn. Òbúkọ gun orí tábìlì.

"Ẹni tó rà á ni..."

"Mẹ̀ẹ̀."

Bàbá lajú. Ewúrẹ́ aládùúgbò ló yọrí sẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ni?" Bàbá bi í. Ó dúró kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ewúrẹ́ sì yíjú padà.

Ó bá nu ẹ̀rọ, ó gbé e síta nínú oòrùn, ó ya fọ́tò odindi rẹ̀, ó ya ibi tó ti sán lọ́tọ̀. Ó sọ owó kalẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí oníkálùkù wà nílé ló fi ìparí gbàǹjo sí.

Télọ̀ kan ní Ayétòrò ló rà á. "Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi hàn wá ló jẹ́ kí n gbà yín gbọ́, Bàbá," ló wí lórí fóònù. "Wẹ́dà lọkọ mi, ó ti jó ẹsẹ̀ náà pọ̀. Ẹ gbọ́ ọ."

Ó tẹ ẹ̀rọ náà. Bàbá gbé fóònù sétí, ó ń gbọ́, kò sì jẹ́ kó pa á títí aṣọ tó ń rán fi parí.