Dẹ́mò Tí Ẹ̀gbọ́n Kọ

Àìsàn kan ló gbòde láàárín àwọn olólùfẹ́ orin, kò sì sóògùn fún un. Bí wọ́n bá gbọ́ orin tó dùn nínú àwo, wọn ò ní jẹ́ kó dùn lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á láwọn fẹ́ gbọ́ dẹ́mò rẹ̀, ìyẹn èyí tí olórin sáré kọ sínú téèpù kó tó mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni máa gbé e jáde. Wọ́n á wá gbé méjèèjì síra, wọ́n á dijú, wọ́n á máa mirí bí adájọ́. "Háà, dẹ́mò yìí gan-an lorin! Inú àwo ni wọ́n ti bà á jẹ́." Àwọn tí ò ra àwo náà rí ni o!

Olóhùn-Iyọ̀, olórin kan, ò ní wọ́n sínú tẹ́lẹ̀. Ó ní orin kan tó mọ́ tọmọdé tàgbà lẹ́nu, "Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn" ni wọ́n ń pè é. Orin náà ti pé ogún ọdún, ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde sì fẹ́ tún àwo náà ṣe lákọ̀tun, kí wọ́n wá to àwọn dẹ́mò inú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin ilé iṣẹ́ náà pè é lórí fóònù, àfìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dágbére.

"Àǹtí, ẹ̀gbọ́n yín ló kọ dẹ́mò 'Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn', àbí? Àwọn èèyàn ní ohùn wọn ju tiyín lọ fíìfíì." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn gan-an ló máa tà. Àmọ́ ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ká tó gbé e jáde o."

Olóhùn-Iyọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kò tíì gbé fóònù kalẹ̀ tán tó fi ń wá bàtà tó máa wọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń sá aṣọ, ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jọ hun orin yẹn. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń dá a, àbúrò á gbè é. Ẹ̀gbọ́n náà ni wọ́n mú lọ sí sítúdíò láti gba dẹ́mò, àbúrò kàn tẹ̀ lé e láti bá a gbé báàgì ni, òun náà sì kọ ìlà díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dán máìkì wò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ fèsì, àbúrò ni wọ́n láwọn fẹ́. Bàbá Ẹnjiníà, tó gba ohùn náà sílẹ̀, ló wá jíṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n: wọ́n ní ohùn rẹ̀ ò lẹ́gbẹ́, pé ojú àbúrò ló kàn máa dáa jù lára páálí àwo. Ojú! Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹbí ti gbà pé ẹwà ni Olóhùn-Iyọ̀ fi gba ipò onípò. Bí orin náà bá bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, ìyá wọn á yí i wálẹ̀, wọ́n á ní, "Ó dáa náà. Àmọ́ ká ní ẹ gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni." Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ kì í sọ nǹkan kan. Á kàn ní "hùn-ùn." Hùn-ùn yẹn dun Olóhùn-Iyọ̀ ju gbogbo èébú ayé lọ. Ó ti kọrin níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, àmọ́ láti ìgbà náà kò la ẹnu kọrin mọ́ nílé ìyá rẹ̀, kódà ní balùwẹ̀.

Ó gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n lọ, ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó má gbà. Ilé ìfọṣọ ni ẹ̀gbọ́n ní. Àárín àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi háńgà kọ́ ló ti bá a, ó ń lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, ooru sì ń rú lára áyọ́ọ̀nù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́."

"Òo. Wọ́n ti pè ọ́, àbí?" Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Èmi ti fọwọ́ sí tèmi."

"Ẹ ò tiẹ̀ rò ó wò ná?"

"Kí ni mo fẹ́ rò? Láti ogún ọdún ni mo ti ń gbọ́ tìẹ. Ó tó kí tèmi náà jáde."

"Ṣé ẹ ti gbọ́ téèpù náà rí ni?"

"Kí n máa gbọ́ kí ni? Àwọn míì ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà sítúdíò nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ta ló fẹ́ ráyè tún un gbọ́? Ṣebí èmi ni mo kọ ọ́! Mo mọ bí mo ṣe kọ ọ́."

Oníbàárà kan wọlé wá gba kóòtù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nà án sí i, ó ní, "Ẹ máa gbọ́ ohùn mi láìpẹ́ o." Ọkùnrin náà ní òun ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀, pé gbogbo àdúgbò ló ń retí. Ojú ẹ̀gbọ́n ń dán. Olóhùn-Iyọ̀ ò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge, ó sì dágbére láìbẹ ẹ̀bẹ̀ tó bá wá.

Ká má parọ́, ohun tó gbé e dé ilé Bàbá Ẹnjiníà ò dáa. Ó fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ fún ilé iṣẹ́ pé téèpù tó wà lọ́wọ́ wọn ti bàjẹ́, pé eku ti jẹ ẹ́, irọ́ tó bá ṣáà ti wù wọ́n. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ yàrá kan nínú ilé wọn ṣì kún fún wáyà àti ẹ̀rọ àtijọ́. Wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ṣé ìwọ náà ò tíì gbọ́ ọ látìgbà náà?" Wọ́n ki téèpù bọnú ẹ̀rọ.

Nígbà tí ìlà àkọ́kọ́ jáde, ó rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn. Ohùn náà tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ẹ̀gbọ́n fẹnu sún mọ́ máìkì jù, èémí rẹ̀ ń dún ṣùù lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ibi tó yẹ kí orin gòkè, ó dúró sí ìsàlẹ̀, kò lọ. Ibi tó yẹ kó sinmi, ó sáré kọjá. Ẹni tó ń ta gìtá á lọ, á tún padà wá wá a. Bàbá dá a dúró, wọ́n fi ti inú àwo sí i. Ìlà kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn Olóhùn-Iyọ̀ gbé e, ó gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dúró síbẹ̀, ó wálẹ̀ nígbà tó wù ú. Wọ́n padà sí dẹ́mò. Wọ́n tún padà sí àwo, wọ́n wá jẹ́ kí dẹ́mò máa yí lọ. Kódà àwọn tó ń mirí yẹn ò lè rí nǹkan mirí sí.

Olóhùn-Iyọ̀ fò sókè. Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó jó yí àga po. Ayọ̀ burúkú ni, àmọ́ ayọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ máa gbọ́ ọ! Gbogbo ẹbí máa gbọ́ ọ! Ẹ gbé e jáde lónìí, ẹ gbé e jáde kíákíá!

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jókòó. "Àmọ́ Bàbá, nílé ó máa ń dùn. Ṣé àlá ni mo lá ni?"

"O ò lá àlá kankan. Máìkì ló ń bà á lẹ́rù. Mo ti rí irú wọn púpọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sọ pé ojú mi ni?"

Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún. "Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí lójú. Kí lo fẹ́ kí n sọ? Mo kàn fìyẹn pẹ̀tù sí i nínú ni. Mo rò pé tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan á ti gbàgbé."

"Ẹ rò pé á gbàgbé! Bàbá, ẹ bayé mi jẹ́ o!"

Inú bí i débi pé ó na ọwọ́ láti fa téèpù náà yọ. Orin ti parí lórí rẹ̀, àmọ́ ó ṣì ń yí. Ohùn ẹ̀gbọ́n béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ó dáa?" Ohùn ọmọbìnrin kan sì ké láti ẹ̀yìn, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó lè kọ ọ́ bíi tiyín láyé yìí!" Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, téèpù sì tán.

Ohùn ta ni? Ohùn òun fúnra rẹ̀ ni! Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ìyá wọn tó sọ ọ́, kí ẹbí tó gbà á. Ó ro ẹ̀gbọ́n láàárín àwọn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí rédíò wà ní títàn, kí àwọn oníbàárà na etí, kí ohùn tín-ín-rín yẹn wá jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ máa gbọ́ ọ nìyẹn, níwájú gbogbo àdúgbò. Omijé lé ròrò sójú Olóhùn-Iyọ̀. Kò tíì kúrò nílé Bàbá tó fi pe ilé iṣẹ́.

"Mi ò fọwọ́ sí i."

"Áà, Àǹtí," ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, "òótọ́ lohun tí wọ́n ń sọ pé ohùn wọn ju tiyín lọ."

Kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi dé orí fóònù gbogbo èèyàn. Àwọn tí ò gbọ́ dẹ́mò náà rí kọ ọ́ síta pé ó ju ti inú àwo lọ. Ẹnì kan tiẹ̀ ṣàlàyé ibi tó ti dùn jù.

Nígbà tí Olóhùn-Iyọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n ò bú u. Ìbá sàn kó bú u. Ẹ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀rù ló bà ọ́, àbí?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ti dé Olóhùn-Iyọ̀ lórí ahọ́n. Ó gbé e mì.

"Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "O ò bá ti sọ látọjọ́ yìí. Ṣé mo máa pa ọ́ ni? Ṣebí ọmọ ìyá mi ni ọ́. Mo ti dárí jì ọ́. Fa àga yẹn, jókòó."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó fa ṣẹ́ẹ̀tì míì wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn" bó ṣe ń lọ aṣọ. Kò sí máìkì níbẹ̀. Ó dùn. Olúwa, ó dùn! Olóhùn-Iyọ̀ ò mọ ìgbà tó bá a gbè é.

"Dúró ná, dúró ná," ẹ̀gbọ́n wí. "O máa ń pẹ́ jù lókè níbẹ̀ yẹn, nínú àwo náà mo máa ń gbọ́ ọ. Tètè jẹ́ kó wálẹ̀. Tún un kọ."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi," Olóhùn-Iyọ̀ dáhùn, ó sì tún un kọ bí wọ́n ṣe ní kó kọ ọ́.